Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kátámáráànì àti Ọ̀wọ́ Ọkọ̀ Onígbòkun lórí Òkun Àtìláńtíìkì

Nínú oṣù Kọkànlá ọdọọdún, àwọn ọkọ̀ onígbòkun tó lé ní ọgọ́rùn-ún máa ń gbéra pọ̀ láti Las Palmas, ní erékùṣù Gran Canaria tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Spéènì, wọn a sì la Òkun Àtìláńtíìkì já lọ sí Rodney Bay ní Saint Lucia, ní agbègbè Kàríbẹ́ánì. ARC (Atlantic Rally for Cruisers) ni wọ́n ń pe ìrìn àjò náà. Jimmy Cornell, ọmọ bíbí Romania tó ti fi ìlú London ṣe ibùgbé, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ọkọ̀ 204 ló jáde lọ́dún náà, Barbados ni wọ́n sì gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n tó gbé òpin ìrìn àjò náà lọ sí Saint Lucia ní 1990. Máìlì orí òkun 2,700 ni ọ̀nà náà, èyí tó tó 5,000 kìlómítà. Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu bà á nínú abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, pàápàá jù lọ nípa kátámáráànì, ọkọ̀ tó dà bí ọkọ̀ tóóró méjì tí a fi pèpéle kan so pọ̀, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú ọ̀wọ́ náà. A ti gé àwọn lẹ́tà kan kúrú kí àyè lè gbà wá.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Southampton ní òun fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ òun wọ kátámáráànì nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ yìí lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní kí n má fòyà, pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni yóò yí àwọn ká. Ṣé lóòótọ́ ni pé bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ tiwọn, àwọn yòókù yóò wà nítòsí? (Ìyá kan ní Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọmọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bó ṣe dún létí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbéra, ìgbòkun yóò bo ojú omi Las Palmas lọ súà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ti kọjá, olúkúlùkù á ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, nítorí pé ọkọ̀ kan yára ju èkejì lọ, atukọ̀ kan sì lè yà sí apá gúúsù láti wá afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń gba ọ̀nà tó ṣe tààrà. Bí ẹ bá dúró lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run kò jìnnà sí yín ju bíi máìlì mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ọjọ́ púpọ̀ gbáko láì fojú kan ìgbòkun ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ọkọ̀ kan fi ọgọ́ta máìlì ṣáájú ọkọ̀ ọmọ yín, tí wọ́n sì ké sí i pé kó padà wá ṣèrànwọ́. Afẹ́fẹ́ àti ìgbì tó ti ń tì í lẹ́yìn bọ̀ láti ọjọ́ yìí ni yóò wá dojú kọ, bóyá ni yóò sì fi lè sún mọ́ wọn ní máìlì márùn-ún ní wákàtí kan. Wákàtí méjìlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó fi ọgọ́ta máìlì wà lẹ́yìn wọn, tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀, lè dé láàárín wákàtí mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìrètí lórí òkun yìí, òun náà kò sì lè dé ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọkùnrin kan já bọ́ sínú òkun láti orí ọkọ̀ ìdíje ńlá kan nínú ọ̀wọ́ yìí. Ilé iṣẹ́ agbẹ̀mílà orí omi ti Amẹ́ríkà ló ń darí ìwákiri náà, àwọn ọkọ̀ inú ọ̀wọ́ tó wà nítòsí sì yà kúrò lọ́nà wọn láti bá wọn wá a, síbẹ̀ wọn kò rí i.

N kò sọ èyí láti já yín láyà, bí kò ṣe kí ẹ lè mọ ibi tí èrè ọ̀wọ́ ọkọ̀ wà gan-an. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì so mọ́ èbúté ni ọ̀wọ́ ń ṣe ènìyàn lóore jù. Àwọn alábòójútó máa ń wọ inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti yẹ ohun ìgbàlà wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ rọ́bà tó ń wú fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ènìyàn wà ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì nígbà ewu, ẹ̀wù amúniléfòó, iná, oògùn, àti okùn gbọọrọ tí wọ́n ń ta láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, èyí tí ẹni tó bá ń rìn lórí ọkọ̀ lóru gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀ so ara rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí kò bá yege níbi àyẹ̀wò náà yóò tún un ṣe kó tó lọ. Wọ́n tún máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Lójú tèmi, iye tí wọ́n ń san fún ìwọlé kò ṣòfò bí àyẹ̀wò yìí nìkan ni wọ́n rí gbà.

Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀mílà lórí òkun, èyí tí RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ onígbòkun ní Bìrìtìkó, ń kọ́ni fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì bi í bóyá olórí ọkọ̀ wọn ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde síta lóru láìso ara rẹ̀ mọ́ okùn. Bí ó bá ní kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, kí ó wá ọkọ̀ mìíràn. Ohun kan tún kù: wọ́n máa ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò jẹ́ kí ẹ lè máa wo ibi tí wọ́n dé lórí fóònù yín. Bí àmì wọn bá dúró sójú kan fún ọjọ́ kan, ẹ má ṣe pariwo lé ará ilé lórí. Ẹ̀rọ náà lè kọṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ geere.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní kátámáráànì kì í fẹ̀gbẹ́, nítorí náà kò léwu. Ẹlòmíràn ní bó bá dojú dé, ó parí. Èwo ni kí a gbà gbọ́? (Ẹnjiníà kan ní Lẹ́kí, Èkó)

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ onígbòkun alára kan máa ń gbé òjé tàbí irin wúwo sí ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í, yóò fẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ yóò yọ́ kúrò lórí ìgbòkun, òjé yóò sì fà á dìde. Kátámáráànì kò ní òjé; fífẹ̀ rẹ̀ ló fi ń dúró. Ẹ wo Lagoon 42 tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé: ó gùn tó mítà 12.8, ó fẹ̀ tó mítà 7.7, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ inú omi ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ife tíì fi lè dúró lórí tábìlì rẹ̀, nígbà tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ alára kan ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri kí wọ́n má bàa yí bọ́ lórí ibùsùn.

Ìtura yìí gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ alára kan ń kìlọ̀: bí ìgbòkun bá ti pọ̀ jù, yóò dùbúlẹ̀, àwo yóò fọ́ nínú ilé ìdáná, ẹni tó ń sùn yóò sì jí. Kátámáráànì kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn máa sáré sí i ni, títí okùn yóò fi já, tí òpó yóò fi ṣẹ́, tàbí kí apá kan gbéra kúrò lórí omi. Bó bá dojú dé, kò sí òjé tí yóò yí i padà, àyàfi pé kì í sábà rì. Ó máa ń léfòó ní ìdojúdé, àwọn tó ṣe é sì mọ èyí, ni wọ́n ṣe fi ilẹ̀kùn kékeré sí ara rẹ̀ tí àwọn tó wà nínú lè gbà jáde. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn kátámáráànì tí ìdílé fi ń rìnrìn àjò, nítorí pé wọ́n wúwo, wọ́n sì fẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, èyí yóò yé yín kíákíá: ìlọ́po ìyára afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ara rẹ̀ ni agbára tó fi ń ti ìgbòkun ń tẹ̀ lé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti nọ́ọ̀tì 14 (máìlì orí òkun 14 ní wákàtí kan) gòkè dé 20, agbára náà ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó jókòó nínú ilé ọkọ̀ lè má tilẹ̀ fura. Èyí tó tún burú ni pé ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ nọ́ọ̀tì 20, tí ọkọ̀ sì ń sá lọ ní nọ́ọ̀tì 8 síwájú rẹ̀, nọ́ọ̀tì 12 péré ni yóò máa kan ènìyàn lára. Ọjọ́ tí atukọ̀ bá ní láti yí padà lójijì ni yóò tó mọ iye tó ń fẹ́. Nítorí náà ni atukọ̀ kátámáráànì tó bá gbọ́n fi ń fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́, tí kì í fi ara rẹ̀ díwọ̀n. Yóò kọ iye nọ́ọ̀tì tí a gbọ́dọ̀ ká ìgbòkun kù sí ara ògiri níwájú ẹni tó ń ṣọ́nà, yóò sì ti ká a kù kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ dára, nítorí pé òru ni òjò òjijì ti máa ń yọ, tí afẹ́fẹ́ yóò sì fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àléébù mìíràn wà tí àwọn tó ń tà á kì í mẹ́nu bà. Kátámáráànì kò ní wáyà tó fa òpó láti ẹ̀yìn gan-an. Wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn láti gbé òpó ró. Nítorí èyí, bí a bá tú ìgbòkun ńlá sílẹ̀ kó lè gba afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn, ara wáyà ni yóò máa fi nu ara rẹ̀, wìrì, wìrì, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Aṣọ ìgbòkun tuntun lè lu níbi tí ó ti ń kan wáyà kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa lẹ aṣọ mìíràn mọ́ ojú ibẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, wọn a sì máa fa okùn síwájú díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ojú kan náà má bàa jẹ títí yóò fi já. Ọ̀pọ̀ a tilẹ̀ ká ìgbòkun ńlá náà tán pátápátá, tí wọn yóò sì fi ti iwájú nìkan rìn.

Ẹrù ńkọ́? Kátámáráànì kórìíra ẹrù. Yàrá inú rẹ̀ pọ̀, àyè a sì máa pe ẹrù. Bí ó bá ti wúwo jù, pèpéle àárín yóò sún mọ́ omi, ìgbì yóò sì máa lù ú láti ìsàlẹ̀, gbì, gbì, débi pé ẹni tó ń sùn yóò rò pé ọkọ̀ ti kọlu àpáta. Bí ẹ bá bi mí, kátámáráànì ni èmi yóò mú fún ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yìí. Fún ọ̀nà tí a ó ti dojú kọ afẹ́fẹ́, n kò ní mú un.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń jẹ fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn? Ṣé oúnjẹ wa ṣeé gbé lọ? (Olùkàwé kan ní Peckham, London)

Ìdáhùn: Ó ṣeé gbé lọ dáadáa, kódà mo rò pé oúnjẹ wa bá òkun mu ju tàwọn òyìnbó lọ. Gaàrí kò nílò fíríìjì, iṣu tí kò lọ́gbẹ́ yóò dé Saint Lucia láì bàjẹ́, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀wà náà kò ní wàhálà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ẹ bá gbé odidi òṣùṣù kan wọ ọkọ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò pọ́n, gbogbo ọkọ̀ yóò sì máa jẹ dòdò títí yóò fi sú wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí páálí kankan wọlé, nítorí pé inú páálí ni ẹyin aáyán máa ń wà; orí èbúté ni kí ẹ ti tú ẹrù, kí ẹ fọ èso, kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ kátámáráànì ní ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kú, nítorí náà wọn kì í ṣàìgbé omi inú ike tí yóò tó gbogbo ènìyàn mu títí wọn yóò fi gúnlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀fọ́ rírò. Ìgbì a máa da inú rú, òórùn ata àti epo lè lé ẹni tí ara rẹ̀ tilẹ̀ le tẹ́lẹ̀ jáde síta. Ẹ se ọbẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ dì í, kí ẹ máa gbé e kaná. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó na ìwọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ láti pa ẹja, bí koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum kò bá ti wé mọ́ ìwọ̀ náà. Láti ọdún 2011 ni koríko yìí ti ń bo apá kan òkun náà. Òun kan náà ló ń gúnlẹ̀ sí etíkun Nàìjíríà, tí ó ń dí àwọn apẹja lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ẹja ńlá ń fọ́ ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àwọn ẹran omi dúdú-òun-funfun tí wọ́n ń pè ní orca ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ọ̀nà Las Palmas sí Saint Lucia. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń kọlu ìtọ́kọ̀ àwọn ọkọ̀ onígbòkun ní etíkun Spéènì àti Pọtogí àti nítòsí Gibraltar, wọ́n sì ti mú kí ọkọ̀ mélòó kan rì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Yúróòpù lọ sí Las Palmas ló yẹ kó bẹ̀rù wọn. Ìmọ̀ràn tí àwọn aláṣẹ Spéènì ń fún wọn ni pé kí wọ́n rìn mọ́ etíkun, níbi tí omi kò ti jìn púpọ̀.

Ìbéèrè: Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè bá wọn wọkọ̀ bẹ́ẹ̀? (Olùkàwé kan ní Manchester)

Ìdáhùn: Ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó kò rọ́pò físà Schengen, Spéènì sì ni Las Palmas. Ẹ gba físà náà, kí ẹ sì rí i pé àwọn aláṣẹ ṣe àkọsílẹ̀ ìjáde yín kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí pé ẹni tó bá gba ojú omi jáde láìsí àkọsílẹ̀ lè dà bí ẹni tó kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un. Fún Saint Lucia, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ wọn fúnra wọn ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí irú ọ̀wọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi ya Èkó? Níbo sì ni ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ti lè bẹ̀rẹ̀? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Badagry)

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ni ìdí àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn àríwá ni àwọn tó kúrò ní Las Palmas ń wá, ó sì ń gbé wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú Gulf of Guinea kì í lágbára, tí ìṣàn omi ibẹ̀ sì ń tì sí ìlà oòrùn. Ìbẹ̀rù àwọn ajalèlókun náà sì wà níbẹ̀. Kódà àwọn kátámáráànì Leopard, tí ilé iṣẹ́ Robertson and Caine ń kàn ní Cape Town, tí wọ́n sì sábà máa ń fi ìgbòkun wà lọ bá ẹni tó rà wọ́n, ọ̀nà Saint Helena, erékùṣù kan láàárín òkun, ni wọ́n ń gbà já sí òdìkejì òkun.

Ní ti ẹ̀kọ́, Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó láti ọdún 1932, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń fi ọkọ̀ kéékèèké díje níbẹ̀, kátámáráànì kékeré tí wọ́n ń pè ní Hobie sì wà lára wọn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi Hobie gba afẹ́fẹ́ Èkó ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ńlá kò mọ̀. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ a sábà máa wá ẹni tí yóò bá a tu ú.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń bọ Ṣàngó ní erékùṣù tí àwọn ọkọ̀ yìí ń gúnlẹ̀ sí? (Bàbá kan ní Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, bàbá wa. Ní Babonneau, tí kò jìnnà sí Rodney Bay, àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfíríkà tó dé Saint Lucia ní ọ̀rúndún 19, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí oko ẹrú. Kele ni wọ́n ń pe ìsìn wọn. Wọ́n ń fi àgbò rúbọ, ẹdùn àrá sì wà nídìí ìbọ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kì í gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé ọtí rọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń pàdé wọn ní èbúté, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ń jókòó sí. ARC tún ní ọ̀wọ́ kejì, tó ń gba Mindelo ní Cape Verde kọjá; erékùṣù Grenada ló ń gúnlẹ̀ sí ní báyìí, wọ́n sì mọ Ṣàngó níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá fẹ́ padà sílé ńkọ́, ṣé wọ́n kàn lè yí ọkọ̀ padà? (Olùkàwé kan ní Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Rárá o. Afẹ́fẹ́ tó gbé wọn lọ ni yóò dojú kọ wọ́n, mo sì ti sọ pé n kò ní mú kátámáráànì fún ọ̀nà tí a ó ti dojú kọ afẹ́fẹ́. Àríwá ni wọ́n ń gbà: láti Kàríbẹ́ánì lọ sí Bermuda, láti Bermuda lọ sí erékùṣù Azores, kí wọ́n tó bọ́ sí Yúróòpù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn. Oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń gbéra, kí àsìkò ìjì ńlá, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà tó sì ń parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá, má bàa ká wọn mọ́. Ìparí àsìkò náà ló sì fà á tí wọn kì í fi gbéra ní Las Palmas kí oṣù Kọkànlá tó dé. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀nà òtútù yìí lè san owó kí wọ́n gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, kí òun fúnra rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ òfuurufú.